Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí orírun orúkọ ìdílé Trevithick

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń wádìí ìtàn ìdílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo kí yín. Trevithick ni ìyá ọkọ mi, ọmọ Cornwall, ìpínlẹ̀ kan ní ìpẹ̀kun gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń jẹ́ kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ orísun wọn níhà ibẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ oríkì ilé tiwa.

Orúkọ náà ṣọ̀wọ́n. Richard Trevithick, tí wọ́n bí ní Illogan ní Cornwall ní 1771, tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́kọ́ fi agbára ooru omi fa ẹrù lójú irin ní Wales ní 1804, ni ó sọ ọ́ di mímọ̀. “Tre” ní èdè Cornwall ni ilé oko tàbí abúlé, nítorí náà orúkọ ibùgbé ni ó di ti ènìyàn. Ohun tí ó dà mí láàmú ni pé ibùgbé tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ: ọ̀kan wà ní St Columb Major, òmíràn ní St Ewe, ní Cornwall kan náà.

Ìwé ìjọba lórí ìbí kò ṣáájú 1837. Nínú ìwé ìrìbọmi ìjọ tí mo ń kà, akọ̀wé kọ orúkọ bàbá kan náà ní Trevithick fún ọmọ àkọ́bí, ó sì kọ ọ́ ní Trevethick fún àbúrò rẹ̀.

Ṣé ìwé ìrìbọmi ni kí n kọ́kọ́ tò tán, láti ìjọ dé ìjọ, tàbí ìwé ìhágún? Ǹjẹ́ àyẹ̀wò DNA ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi ọkùnrin lè fi hàn bóyá ìdílé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn?