Podcast mi ń jáde lọ́la, Apple ò gbà á

Ìyá Ìbejì (Toronto): Ẹ gbà mí o! Mo ti kéde káàkiri pé podcast mi ń jáde lọ́la. Mo ti gbé apá kìíní sọ́dọ̀ àwọn tí mo ń sanwó oṣù fún láti máa tọ́jú ohùn rẹ̀, Spotify ti gbà á, Apple ní àwòrán rẹ̀ ò dáa. Àwòrán tí mo fowó gidi ṣe! Àbí kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kí n kó lọ síbòmíì?

Bàbá Rádíò (Houston): Ẹ fara balẹ̀, mà. Ṣé òró rẹ̀ àti ìbú rẹ̀ dọ́gba? Kò gbọ́dọ̀ dín ní 1400 pixel sí 1400, kò sì gbọ́dọ̀ ju 3000 sí 3000 lọ. Tèmi gùn gbọọrọ bíi pósítà ìdìbò. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bú wọn kí n tó mọ̀ pé èmi gan-an ni mo jẹ̀bi.

Alága (London): Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ o! Ojú mi rí i. Ọjọ́ tí mo kó podcast mi kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ń tọ́jú ẹ̀ ni mo pa àkáǹtì rẹ́, mi ò fi redirect sílẹ̀, ìyẹn ohun tó ń darí link àtijọ́ sí tuntun. Apple kì í sì í sábà tọ́jú ohùn fúnni, link RSS ni wọ́n ń kà, ìyẹn link àkójọ gbogbo apá podcast. Link kú, àwọn tó ń gbọ́ mi wá ń kan ilẹ̀kùn ilé tí mo ti kó kúrò.

Bàbá Rádíò: Alága, purọ́ fẹ́lòmíì. GUID, àmì tí wọ́n fi ń dá apá kọ̀ọ̀kan mọ̀, ló pa ọ́. Nígbà tó o fi máa lọ yí link padà lọ́dọ̀ Apple, gbogbo apá 22 ló ti gba GUID tuntun. Fóònù mi rò pé tuntun ni wọ́n, ó fa gbogbo ẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Data mi!

Alága: Ta ló ní kó o tan auto-download? Ká ní redirect 301 yẹn wà níbẹ̀ oṣù kan péré, gbogbo yín lẹ bá tẹ̀lé mi.

Bàbá Rádíò: À bá tẹ̀lé ọ, data wa ì bá ṣì jó náà ni.

Àbúrò Yín (Dublin): Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ọdún kẹta ìjà yìí rèé. Mà, ẹ tún wo email tó wà nínú RSS yẹn, ibẹ̀ ni kóòdù tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni podcast ń lọ. Email ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti lé mi ni mo fi sí tèmi. Ẹ sì mú Yorùbá níbi èdè, "yo" ni kóòdù ẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni tèmi fi jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì.

Alága: Ẹ ṣáà jẹ́ ó jáde. Àwa ará London la máa gbé e débi tó yẹ.

Bàbá Rádíò: Ẹ̀yin wo? Ẹ̀yin tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já mọ́ lọ́wọ́ nínú reluwé abẹ́ ilẹ̀? Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Houston, mo máa ń gbọ́ ọ tán, màá tún gbọ́ ìpolówó.

Ìyá Ìbejì: Ẹ wá wo yìnyín ẹnu ọ̀nà mi ná kẹ́ ẹ tó máa yangàn. Ta ló fẹ́ jáde? Ohùn màmá mi ló wà ní apá kìíní yẹn, voice note WhatsApp. Ó ń pàlọ́ lọ, ó ṣàdédé dúró: "Ṣé o ń gbọ́ mi? Hẹ̀lóò?" Mi ò gé e.

Alága: Ẹ má gé e o. Èmi ti fi ẹ̀rọ fọ ariwo adìyẹ kúrò lẹ́yìn ohùn bàbá mi kí n tó mọ̀ pé adìyẹ yẹn gan-an ni mo ń wá.

Bàbá Rádíò: Hmm.

Ìyá Ìbejì: Mo ti fi àwòrán 3000 ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́la ńkọ́?

Àbúrò Yín: Ẹ fi link Spotify síbí, mà. Màmá ń bi wá bóyá à ń gbọ́.