Ṣé iṣẹ́ aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó wà lára wákàtí 20 físà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ogbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo wà. Àbúrò mi obìnrin jáde ní LAUTECH, másítà ló ń ṣe ní Ìlú Ọba báyìí. Yunifásítì rẹ̀ ní kó wá ṣe aṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, kó máa dáhùn ìbéèrè àwọn ọmọ wa tó fẹ́ wá. Kò sówó níbẹ̀. Inú mi dùn gan-an, torí nígbà tó ń lọ, òru mẹ́ta la fi jókòó ti fóònù tí a ò rí ẹni bi léèrè owó ilé.

Físà ló ń kọ mí lóminú. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbà á láàyè láti ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, ó sì ti ń ṣe 18 nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo kà á pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ní àdéhùn wà lára 20 yẹn, àmọ́ ìrànlọ́wọ́ lásán kò sí níbẹ̀. Ìwé tí yunifásítì fi ránṣẹ́ rèé: "Ọjọ́rú, aago méjì sí márùn-ún", pẹ̀lú àyè ìbuwọ́lù nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ ka tiyín sí? Kí ló yẹ kó bi wọ́n kó tó buwọ́ lù ú? Ọjọ́ Ẹtì ló máa fún wọn lésì.