Irun kan ṣoṣo ló pa á lẹ́kún

Nọ́ọ̀sì Òru:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ kú àìsùn o. Ọmọ oṣù 3 ni wọ́n gbé wá, ó ti ń ké látàárọ̀. Kò níbà, etí rẹ̀ dáa, ikùn rẹ̀ rọ̀. A yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, a ò rí nǹkan kan. Wọ́n ti fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá wa kan wọlé, tí wọ́n bi wá pé, “Ta ló ti bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ yìí?”

Kò sẹ́nì kankan.

Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wú, ó ti ń dúdú. Irun ìyá rẹ̀ ló lọ́ mọ́ ọn nídìí, ó ti rì sínú ẹran débi pé ojú lásán ò rí i. Irun abiyamọ a sì máa já gan-an ní nǹkan bí oṣù 3 lẹ́yìn ìbímọ, inú ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ni òmíì ń há sí. Bí awọ ò bá tíì bó, ìpara tó ń jẹ irun ara lè yọ́ ọ láàárín bí ìṣẹ́jú 10. Tiwa ti jìn, abẹ ni wọ́n fi gé e. Kò pẹ́ tọ́mọ fi sùn lọ fọnfọn. Ojú tì mí, n ò ní purọ́.

Bàbá Ọmọ:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èmi kì í ṣe dókítà o. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 2, ń da itọ́, kò sì fẹ́ jẹun. Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun ló ń dùn ún, wọ́n fún wa lóògùn, a lọlé. Nígbà tá a padà, X-ray gbé nǹkan roboto jáde. Ẹni àkọ́kọ́ ní owó ẹyọ ni. Ẹnì kejì ní, “Ẹ wo etí nǹkan roboto yẹn dáadáa, òrùka méjì ni.” Bátìrì pẹlẹbẹ inú rìmóòtù! Kò dìgbà tó bá jò: iná rẹ̀ àti omi ara ló ń di oró tó ń jó ẹran, wákàtí 2 sì ti tó. Eré ni wọ́n sá yọ ọ́.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2018, ẹlẹ́dẹ̀ kéékèèké ni wọ́n fi ṣe é, fi hàn pé oyin ń dín jíjóná yẹn kù. Ọmọ tó ti pé ọdún kan, tó ṣì lè gbé nǹkan mì, nìkan ni wọ́n ń fún, lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Kí oyin má dá yín dúró sílé o!

Dókítà Ọmọdé:
Ọmọ oṣù 8 ni tèmi. Kò tiẹ̀ sunkún, ńṣe ló kàn ń sùn ṣáá. A rò ó sí májèlé, a rò ó sí ọpọlọ. Ultrasound ikùn ló tú u fó: ìfun ti wọnú ìfun. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn gba ìdí rẹ̀ wọlé, ó sì padà sípò láìsí iṣẹ́ abẹ. Ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí gbogbo ìwé ń pè ní àmì àìsàn yìí? N ò rí i.