Ó ti yanjú: Ubuntu tó ń dá mi padà sẹ́nu ọ̀nà

Ẹ kú àdúrótì o. Ẹ rántí pé bí mo bá ti tẹ páswọ́ọ̀dù láti wọ Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà mi, bíi Windows), ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn, á tún máa béèrè páswọ́ọ̀dù kan náà. Káàdì àwòrán ni mo ń di ẹ̀bi rù, àṣé kò mọwọ́ mẹsẹ̀!

Mo tẹ Ctrl+Alt+F3 kí ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ lè ṣí, mo gba ibẹ̀ wọlé, mo tẹ `df -h` láti wo àyè tó kù. Díìsìkì ti kún dé 100%, ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ kí n wọlé. Log (àkọsílẹ̀ ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe) lásán ló jẹ ohun tó lé ní 3GB.

Mo tẹ `sudo journalctl --vacuum-size=200M` láti dín log kù, lẹ́yìn náà `sudo apt clean` láti pa àwọn fáìlì ètò tó ti gbà sílẹ̀ rẹ́, mo tún kọ̀ǹpútà tàn, ó wọlé wẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí n tún Ubuntu fi sí, ẹ ṣeun, àmọ́ fọ́tò ìgbéyàwó wa wà nínú rẹ̀!