Èsì: Kí la ó máa pe fọ́lọ́ńtíà etí kánáàlì? Ọ̀wẹ̀ ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá wa: àbúrò wa obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló béèrè ọ̀rọ̀ tí òun yóò fi kọ ìwé pélébé kan ní Yorùbá. Ẹgbẹ́ kan tó ń tọ́jú kánáàlì (omi gígùn tí èèyàn gbẹ́ kí ọkọ̀ lè gba inú rẹ̀), tó sì ń fi ọkọ̀ gbé àwọn arúgbó, ọmọ ilé-ìwé àti aláàbọ̀ ara ṣeré lórí omi, ló fẹ́ kí àwọn ará wa wá dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló ń dà á láàmú: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó, kánáàlì fúnra rẹ̀, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lock (yàrá omi onílẹ̀kùn tó ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀), àti irú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní trust. Láti ìgbà yẹn ni àwọn kan ti ní olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ni, àwọn kan ní iṣẹ́ ìlú ni, Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn sì ti àáró lẹ́yìn gbágbáágbá.

> Àáró ni àwọn baba wa ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí la tún ń wá kiri?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, àáró kọ́ nìyẹn. Gbèsè ni àáró. Bí mo bá bá yín kọ ebè lónìí, ẹ jẹ mí ní ọjọ́ kan ní oko tèmi, bí ẹ kò bá sì wá, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò mọ̀ pé ẹ jẹ àáró, ẹ kò san. Ẹ wá wo kánáàlì Kennet and Avon ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gùn ní máìlì 87 láti Reading dé Bristol. Ọdún 1810 ni ọkọ̀ kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin rà á, wọn ò sì bìkítà fún un mọ́, títí ẹrẹ̀ fi kún un, tí àwọn ìlẹ̀kùn rẹ̀ jẹrà. Àwọn ará ìlú ló kó ara wọn jọ, wọ́n tọrọ owó, wọ́n kó ẹrẹ̀, wọ́n to bíríkì, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí Ọbabìnrin Elizabeth tó wá ṣí i padà ní 1990. Ta ló máa san àáró yẹn? Oko ta ni kánáàlì yóò wá ro fún wọn?

Àwọn tó ní iṣẹ́ ìlú súnmọ́ ọn díẹ̀ ju Ẹ̀gbọ́n lọ, torí pé ti gbogbogbòò ni ohun tí wọ́n ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìlú kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń rò bóyá òun ó lọ tàbí òun ò ní lọ. Tí agogo bá ti dún pé kí ẹgbẹ́ báyìí lọ ro ọ̀nà odò, ẹni tí kò bá yọjú yóò sanwó ìtanràn, wọ́n sì lè gbé ewúrẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ fi wé kánáàlì Stratford-upon-Avon. Nígbà tí wọ́n ń tún apá gúúsù rẹ̀ ṣe láàárín 1961 sí 1964, àwọn tó wá fúnra wọn wà níbẹ̀, àwọn sójà wà níbẹ̀, àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, títí ìyá Ọbabìnrin fi wá ṣí i ní oṣù Keje 1964. Èmi ò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ẹlẹ́wọ̀n àti olùkọ́ tó fi ìsinmi rẹ̀ wá gbẹ́ ẹrẹ̀. Iṣẹ́ ìlú yóò bá ẹni àkọ́kọ́ mu. Ẹni kejì ni àbúrò wa ń wá.

Olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ńkọ́? Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n yọ̀ǹda ara ẹni fún kí ni? Bí ìyá kan ní ọjà Rye Lane ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù, bá kà á lára ìwé pé "a ń wá àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni", ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni bóyá ilé ìwòsàn ló fẹ́ dán oògùn wò lára òun. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbìmọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe èèyàn síta.

Ọ̀wẹ̀ ni tèmi. Ọ̀wẹ̀ ní ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tí ọwọ́ kan ò lè ṣe ni a ń bẹ ọ̀wẹ̀ sí: ilé tí a fẹ́ mọ, oko àna tí a fẹ́ ro kí ojú má baà ti ni. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ń pèsè jíjẹ àti mímu, àwọn tó wá ń dá àpárá, wọ́n ń kọrin, bí oòrùn bá sì ti wọ̀, kálukú ti gba ilé rẹ̀ lọ láìsí pé ẹnì kan ń ka ọjọ́ sí ẹnì kan lọ́rùn. Bí ọjọ́ iṣẹ́ etí kánáàlì ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹgbẹ́ náà fi ìkéde síta, àwọn èèyàn wá láàárọ̀, wọ́n ń fi ìkọ́ yọ kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó àti àpò ọ̀rá nínú omi, wọ́n ń gé koríko, wọ́n ń fi ọ̀dà dúdú kun igi gbọọrọ ara ìlẹ̀kùn omi, wọ́n ń fi funfun kun orí rẹ̀ kí ojú lè tètè rí i. Wọ́n tún ń fa ewéko kan tó ń bo ojú omi, tó wá láti Amẹ́ríkà, tí ìwà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ojú oró tiwa, àfi pé ti wọn kò ní ẹni tó ń kì í. Tíì àti bisikíìtì ni ọbẹ̀ ọ̀wẹ̀ náà.

> Ẹni tí wọ́n bẹ ọ̀wẹ̀ kì í san owó oúnjẹ ara rẹ̀. Ní àgọ́ kánáàlì, wọ́n ń sanwó.

Òótọ́ ni ẹni tó kọ èyí sọ, òun nìkan ló sì bá mi jà níbi tó dùn mí. Waterway Recovery Group, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970 láti máa jí àwọn kánáàlì tó ti kú dìde, ń ṣe àgọ́ ọlọ́sẹ̀ kan níbi tí àwọn èèyàn ti ń sùn sí ilẹ̀ gbọ̀ngàn abúlé, tí wọ́n ń po sìmẹ́ńtì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì tún ń dá owó díẹ̀ fún oúnjẹ àti ibùsùn. Ó ṣòro fún bàbá mi láti gbọ́ irú ìyẹn kó má rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ẹni tó lọ sí ọ̀wẹ̀ láyé àtijọ́ ń gbé ọkọ́ tirẹ̀ dání, kò sì sí ẹni tó ní nítorí ọkọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀wẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ sì ń fẹ̀ ní èdè wa láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Igi tí a gbẹ́ inú rẹ̀ tí a gbé sórí omi ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, lónìí bọ́ọ̀sì ń jẹ́ ọkọ̀, èyí tó ń fò lójú ọ̀run náà ń jẹ́ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá lè fò, ọ̀wẹ̀ lè dá owó oúnjẹ.

Ibi tí ọ̀wẹ̀ ti tán ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wá déédéé. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tó ń tu ọkọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara fún Seagull Trust ní Skọ́tláńdì, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978 láti máa gbé wọn lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí ẹni tó ń kọ́ ọmọ àdúgbò ní ọkọ̀ títù ní ẹgbẹ́ Pirate Castle ní Camden, Lọ́ńdọ̀nù, tó ti wà láti 1966, kò ṣeé pè ní ẹni tó wá sí ọ̀wẹ̀. Kí la ó wá pè é? Ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń ṣe é nílé. Akọrin ìjọ kì í gbowó. Ẹni tó ń tọ́jú àga nínú ìjọ, ẹni tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í gba kọ́bọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a sọ ní orúkọ nítorí pé kò gbowó. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ la fi ń pè é. Nítorí náà, ẹni tó ń tukọ̀, atukọ̀ ni. Àbúrò, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "A ń wá atukọ̀, a ń wá akunlé, a ń wá oníbodè omi, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, a ó kọ́ yín." Ẹ ó rí i pé àwọn èèyàn yóò mọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe. Ẹ sì jọ̀wọ́, atukọ̀ ni o, kì í ṣe awakọ̀, kí àwọn onídánfó tó ti fẹ̀yìn tì má baà tò síwájú ọ́fíìsì yín.

Oníbodè omi yẹn ló gbé mi dé orí lock. Ẹnì kan dá a lábàá pé "àgádágodo odò". Rárá o. Kò sí kọ́kọ́rọ́, kò sí ohun tí wọ́n tì pa. Yàrá omi ni, ó ní ìlẹ̀kùn níwájú, ó ní ìlẹ̀kùn lẹ́yìn. Ọkọ̀ wọlé láti ìsàlẹ̀, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n fi irin ọlọ́wọ́ kan yí ihò tó wà lókè ṣí, omi rọ́ wọlé, ọkọ̀ ń léfòó sókè títí yóò fi bá omi òkè dọ́gba, wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn iwájú, ó jáde. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á yí i padà. Ewu wà níbẹ̀: bí ẹni tó ń tukọ̀ kò bá ṣọ́ra nígbà tí omi ń fà, ìdí ọkọ̀ lè kọ́ ẹnu òkúta tó wà lábẹ́ ìlẹ̀kùn òkè, kí orí rẹ̀ sì máa ri lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀fẹ́ fi ń dúró níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti tọ́ àwọn àlejò sọ́nà.

"Àtẹ̀gùn omi" dùn létí, mo sì mọ ìdí tí àwọn kan fi fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá ti rí Caen Hill ní Devizes, lórí kánáàlì Kennet and Avon yẹn, níbi tí 29 irú yàrá bẹ́ẹ̀ ti gun òkè tẹ̀ léra wọn, tí 16 nínú wọn sì tò lọ gbọọrọ ní ìlà kan. Ẹ lò ó fún gbogbo wọn lápapọ̀, èmi ò ní jà. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹnubodè omi ni. A ń dúró ní ẹnubodè, a ń ṣí i fún ni, a sì ń tì í lẹ́yìn ẹni. Ẹni tó bá sì ní bodè ti ní owó bodè nínú kò parọ́: ìgbà tí kánáàlì ṣì ń kó èédú àti ọkà, àwọn tó ni ín ń gba owó lórí ìwọ̀n ẹrù àti ọ̀nà tí ọkọ̀ rìn, ilé àwọn agbowó sì ṣì wà létí omi níbi púpọ̀. Ọ̀rọ̀ wa mọ ìtàn wọn ju bí a ṣe rò lọ.

Kánáàlì fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Wọ́n ní "odò àgbẹ́". Ẹ kọ ọ́ láìfi àmì sí i, bí ọ̀pọ̀ ìwé pélébé ṣe ń ṣe, ẹ wò ó bóyá ẹni tó kà á kò ní rò pé odò tó gbẹ ni, tàbí odò àgbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, odò ní orísun, odò ń ṣàn, odò wa tilẹ̀ ń ní òrìṣà. Èyí ò ní ìkankan. Ṣe ni wọ́n ń pọn omi sí i: ní Crofton, ẹ̀rọ tí ooru omi híhó ń yí, tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ láti 1812, ṣì lè fa omi lọ sí orí òkè kánáàlì Kennet and Avon, àwọn oníṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló sì ń da èédú sí i. "Yàrà" náà kò bá a mu, torí ogun ni a ń gbẹ́ yàrà sí, kí èèyàn má lè wọlé. Ọ̀nà omi ni mo rò pé ó tọ́.

Kí a kàn kọ kánáàlì ńkọ́? Ní Èkó, àgbàrá àti ìdọ̀tí ló ń gba kánáàlì, àwọn tí ilé wọn wà létí rẹ̀ sì mọ ohun tí òjò ń fi ojú wọn rí. Ẹ má pe àwọn ọmọ Èkó wá ṣeré nínú kánáàlì kí ẹ má ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ lè lo ìtàn Peckham, àdúgbò àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀ka Grand Surrey Canal tí wọ́n ṣí ní 1826 dé ibi tí ilé-ìkàwé Peckham wà lónìí. Àwọn ọdún 1970 ni wọ́n kó ilẹ̀ dí i. Ojú omi ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó lọ láti ibẹ̀ dé Burgess Park tẹ́lẹ̀, afárá kan sì ṣì wà nínú ọgbà náà tó kọjá lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ojoojúmọ́ ni àwọn ará wa ń gbé àpò iṣu kọjá níbẹ̀.

Trust kò yẹ kó gba àkókò wa. "Ẹgbẹ́ Ìgbẹ́kẹ̀lé" yóò jọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, "àjọ" náà yóò mú kí àwọn ìyá ọlọ́jà béèrè ìgbà tí wọ́n máa kó o. Ohun tí a gbà láti tọ́jú fún gbogbo èèyàn ni. Canal & River Trust, tó gba nǹkan bí máìlì 2,000 ọ̀nà omi lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba ní 2012, kì í tọ́jú wọn fún àǹfààní ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ alágbàtọ́jú ni, bí a ṣe ń pe ẹni tó gba ọmọ tọ́ ní alágbàtọ́.

Ọ̀kan ṣẹ́kù tí àbúrò kò béèrè, tó sì máa nílò: ọ̀nà ẹsẹ̀ etí kánáàlì, níbi tí ẹṣin ti máa ń rìn tí ó ń fi okùn fa ọkọ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ àti ẹ̀yin Ìjẹ̀bú etí omi tó wà láàárín wa, ǹjẹ́ ẹ ní orúkọ fún ibi tí èèyàn ń gbà nígbà tó bá ń fi okùn fa ọkọ̀ láti orí ilẹ̀? Bí ẹ bá ní in, ẹ tètè fi ránṣẹ́. Bí kò bá sí, "ọ̀nà etí omi" ni kó kọ síbẹ̀ ná.