Ìjàpá bàbá mi: ibo gan-an ni wọ́n ń so sáléńsà rẹ̀ mọ́ látilẹ̀?

Tíṣà Yaba:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ Ìjàpá bàbá mi, Volkswagen Beetle wọn, ni mo gbé wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ló ti wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà wa ní Yaba. Lẹ́yìn ìsìnkú wọn, àwọn àbúrò mi ní ká tà á fún àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin àlòkù. Mo ní àfi kí wọ́n tà mí mọ́ ọn.

Oṣù tó kọjá, panẹ́bítà kan ní Muṣin tú bódì kúrò lórí ṣáásì. Sípánà 13 ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, àfi àwọn bóòtù tí ìpata ti dì pa, tí wọ́n ní láti gé. Lápá ọ̀tún, lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn níbi tí bátìrì ń gbé, ásíìdì ti jẹ ilẹ̀ mọ́tò tán, mo lè ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ kí n fọwọ́ kan yẹ̀pẹ̀. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. A ti ra páànù, wọ́n ti ń jó o.

Ẹ̀yìn ló ń dà mí láàmú. Níbi tí ṣáásì ti yà sí méjì bí ìwo màlúù láti gba gíábọ́ọ̀sì, mo bá ìgbékọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi gbé sáléńsà kọ́, àgbá tó ń dín ariwo èéfín ẹ́ńjìnnì kù. Ọ̀kan jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n jó mọ́ ìwo òsì. Èkejì jẹ́ irin dẹ́kìn, irú èyí tí bíríkìlà ń lò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ìwọ̀ ẹja. Ẹ̀kẹta kì í tilẹ̀ ṣe irin, awẹ́ táyà ni, bóòtù méjì ló dè é mọ́ ibi tí bọ́ńpà ẹ̀yìn ń jókòó lé. Sáléńsà tí gbogbo wọn gbé, ọkùnrin méjì ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Mẹkáníìkì mi ní báyìí ló ṣe ti òkè òkun dé. Wẹ́dà ní irọ́ ni. Èmi fẹ́ kó rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí bàbá mi gbé e wálé, nítorí náà mo fẹ́ mọ èyí tí màá dá sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nǹkan mìíràn tún wà. Rìsíìtì bàbá mi wà lọ́wọ́ mi, November 1967. Ṣùgbọ́n 118 ni nọ́ńbà ara ṣáásì fi bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan sì sọ fún mi pé 1968 ni 8 yẹn ń tọ́ka sí. Àbí wọ́n ti pààrọ̀ ṣáásì mọ́ bàbá mi lọ́wọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, Sátidé ni wọ́n fẹ́ kùn ún.

504 Ṣómólú:
Àǹtí Tíṣà, ẹ kú ìnáwó. Ẹ má fìyà jẹ ara yín. Peugeot 504 tèmi, rọ́bà ló gbé páìpù rẹ̀ kọ́. Tó bá ti já, mo máa ń gba Ládípọ̀ lọ ra òmíràn. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe ìgbékọ́ tuntun méjì, kó fi rọ́bà sí i, ó parí. Ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò yín?

Tíṣà Yaba:
Èmi ni màá bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Àgbà Ojúẹlẹ́gba:
Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kí wọ́n tà á. Wẹ́dà yín ló sọ òótọ́. Nínú ìgbékọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó ti Jámánì wá, kò sì sí èyí tí ẹ máa dá sí. Sáléńsà Ìjàpá kò fara kan ṣáásì níbì kankan. Ẹ́ńjìnnì ló gbé e.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó bí ẹ ṣe ṣèlérí. Tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn irin tó bo orí sílíńdà ẹ́ńjìnnì, méjì ló ní, ọ̀tún àti òsì, ihò èéfín méjì-méjì. Àwọn ihò tó kọjú sẹ́yìn, sáléńsà fúnra rẹ̀ ló fẹnu kò wọ́n, gáskẹ́ẹ̀tì láàárín, nọ́ọ̀tì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èéfín ihò iwájú ń gba inú àpótí ooru, tó ń mú afẹ́fẹ́ gbóná fún inú mọ́tò, kó tó bọ́ sínú sáléńsà, kílíìpù ló dè é níbẹ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin, kílíìpù méjì. Páìpù kéékèèké méjì tó yọjú lábẹ́ bọ́ńpà, ara sáléńsà ni kílíìpù dè wọ́n mọ́. Kò sí ìgbékọ́ mìíràn.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì yẹn kò jókòó lórí ṣáásì. Bóòtù mẹ́rin ló dè é mọ́ gíábọ́ọ̀sì, gíábọ́ọ̀sì sì wà láàárín ìwo méjèèjì lórí rọ́bà. Ẹ sítáàtì rẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì á mì, sáléńsà á bá a mì. Ṣáásì kò ní mì. Ẹni tó bá jó sáléńsà mọ́ ìwo ti so oníjó mọ́ òpó.

Èmi náà ti dẹ́ṣẹ̀ yẹn rí. Oníbàárà kan ń kánjú lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìbàdàn, mo bá fi irin kan jó sáléńsà rẹ̀ mọ́ ìdí bọ́ńpà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi padà dé, sítọ́ọ̀dù, ìyẹn bóòtù aláìlórí tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀, ti kán sínú tọ́ọ̀pù sílíńdà, mọ́tò ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Ọ̀fẹ́ ni mo ṣe é, mo sì fi oúnjẹ ọ̀sán bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin 504, ẹ má bínú o. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì tiyín wà, páìpù sì ní láti rìn dé ẹ̀yìn. Ohun tó gùn tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ibi fara rọ̀. Ti Ìjàpá, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn náà ni sáléńsà.

Tíṣà, ohun tí ẹ kò bèèrè ló jẹ mí lógún jù. Kí ló dé tí ẹni náà fi ń wá ibi tó máa gbé e kọ́? Álúmíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà, irin ni sítọ́ọ̀dù. Tí wọ́n bá ti tú u, tí wọ́n tún dè é lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ìdè inú álúmíníọ̀mù á jẹ. Dípò kí mẹkáníìkì tún ihò ṣe, á lọ ká páànù tó nípọn ṣe sáléńsà, á wá fi irin dẹ́kìn gbé e. Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ wo sítọ́ọ̀dù mẹ́rin yẹn.

Tí ẹ bá máa yọ àwọn irin náà, kí wẹ́dà fáìlì ojú ibi tí wọ́n jó nìkan. Kó má fi iná gáàsì gé e o. Ìwo yẹn kì í ṣe irin odindi, páànù tí wọ́n pa pọ̀ ni, inú rẹ̀ ṣófo. Kí wọ́n tó kùn ún, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé gíábọ́ọ̀sì sáàárín rẹ̀ wò. Tí ìwo bá ti tẹ̀, bóòtù kò ní wọlé, ẹ ó sì tètè mọ̀.

Ti nọ́ńbà, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́ bàbá yín jẹ. August ni Volkswagen máa ń ṣí ọdún mọ́tò tuntun. Èyí tó bá jáde láti August 1967, mọ́tò 1968 ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá jẹ́ 1300 tàbí 1500, ẹ wo iná iwájú: gíláàsì rẹ̀ á dúró ṣánṣán, kò ní dùbúlẹ̀ sẹ́yìn bíi ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kì í sì í ṣe ọmọ Ọ̀jọ́. 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó níbí, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò.

Tíṣà Yaba:
Bàbá, ṣé babaláwo ni yín ni? Mo ti Muṣin dé báyìí. Iná iwájú dúró ṣánṣán. Lápá òsì, sítọ́ọ̀dù kan kò sí níbẹ̀ rárá, ìka ni mo fi yí èkejì. Mẹkáníìkì mi wò mí, ó wo ilẹ̀. Báwo ni a ṣe máa ṣe é?

Àgbà Ojúẹlẹ́gba:
Wọn kì í difá fún sítọ́ọ̀dù. Ẹ gbé tọ́ọ̀pù sílíńdà náà lọ fún tọ́nà tó mọṣẹ́, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, kó lu ihò náà sí mílímítà 10, kó sì gbẹ́ sítọ́ọ̀dù tí ìdí rẹ̀ jẹ́ 10, tí orí rẹ̀ jẹ́ 8. Nọ́ọ̀tì àtijọ́ á ṣì wọ̀ ọ́. Kó má fi òòlù gbá nǹkan kan wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sáléńsà tó fúyẹ́, irú èyí tí ẹ lè fi ọwọ́ kan gbé. Tí ẹ bá dè é tán, ẹ jẹ́ kó gbóná, kó tutù, kí ẹ tún un dè.

Tí àpótí ooru bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nù nítorí pé òtútù kò mú l'Ékòó. Ẹ kàn yẹ inú rẹ̀ wò, torí tó bá ti jò, ibẹ̀ ni èéfín máa gbà wọ inú mọ́tò bá yín.

504 Ṣómólú:
Mo gba kámú, bàbá. Àǹtí Tíṣà, irin dẹ́kìn yẹn ńkọ́?

Tíṣà Yaba:
Ó ti wà lára ògiri kíṣìnì mi, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń gbé. Kíkùn náà ti di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.