Kí ni kí n ṣe sí ọ̀rá tí a ń há kúrò lójú omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ wàrà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa títọ́jú omi ìdọ̀tí. Ilé iṣẹ́ wàrà àti bọ́tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A máa ń da álọ́ọ̀mù, ìyẹn kẹ́míkà tó ń mú kí ìdọ̀tí dì pọ̀, sínú omi tí a fi fọ ẹ̀rọ, a ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti ìsàlẹ̀ kí ọ̀rá lè léfòó. Ohun tí a ń há kúrò lójú omi yìí ló ń dà mí láàmú. Ó funfun, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ, omi ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá sùn mọ́jú, ó ti kan nìyẹn, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ọgbà.

Mo fẹ́ fi ṣe gáàsì ìdáná nínú táǹkì tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, torí ọ̀rá ń mú gáàsì wá dáadáa. Àmọ́ bó bá pọ̀ jù, ásíìdì inú rẹ̀ á dá iṣẹ́ àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe gáàsì dúró, gbogbo rẹ̀ á sì máa hó yaya. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, kí lẹ ń pò ó pọ̀ mọ́? Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó? Bí mo bá sì fi lẹ́búlẹ́bú pákó sọ ọ́ di ajílẹ̀ ńkọ́, ṣé álọ́ọ̀mù náà kò ní di fọ́sífọ́ọ̀sì (èròjà tó ń mú ohun ọ̀gbìn dàgbà) mú mọ́ ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.